Ọdún Tí Káàdì Wọ Ilé Wa

Tí wọ́n bá di aṣọ mọ́ mi lójú, tí wọ́n sì mú mi padà sí agbo ilé wa ní Ìtòkú, etí ni màá fi mọ̀ ọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni kùmọ̀ á ti máa dún, gbì, gbì, gbì, níbi tí Màámi ti ń lu àdìrẹ tó ti gbẹ lórí ìtì igi kí ó lè máa dán. Ìpè ìrun á tẹ̀lé e láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó ti ìkòkò aró rẹ̀, á sì máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jáde wá jẹun. Ohùn mẹ́ta wọ̀nyí ló tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí ohùn àjèjì kan já wọ àárín wọn, "Píììì! Pí, pí!", tí adìẹ wa sì ń sá fún un. Inú yàrá Bọ̀dá Múfú ló ti ń wá. Kí oṣù kan tó pé, kò sí ọmọdé kan nínú agbo ilé tí kò lè fi ẹnu pe ohùn náà bó ṣe rí gan-an, bí wọ́n bá sì rán wa níṣẹ́ tí a kò fẹ́ jẹ́, òun la fi ń dáhùn.

Bọ̀dá Múfú ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà. Àbúrò bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó kí á máa pè é ní bàbá, bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwó níbi tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé nígbà tí wọ́n ra tuntun, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún un ní ògbólógbòó tí wọ́n fẹ́ sọ sẹ́yìn ilé. Ọmọlanke ló fi gbé e wálé lọ́sàn-án gangan, òun fúnra rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dì í mú kí ó má baà jábọ́. Gbogbo àdúgbò ló jáde wò ó. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo àpótí náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "Múfú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé ìyàwó wálé, ìwọ gbé àpótí." Bọ̀dá gbé àpótí rẹ̀ wọ yàrá, ó tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́, ó tún da òmíràn bò ó lórí, ọ̀rọ̀ ìyàwó náà sì parí síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo ní láti sọ ti láfún, nítorí láfún ló wà nídìí gbogbo nǹkan nílé wa. A ń fi òkèlè rẹ̀ jẹ ọbẹ̀ lálẹ́, bí ó ti yẹ ọmọ Ẹ̀gbá, láfún kan náà la sì ń sè ní ẹ̀kọ láti fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya ẹ̀kọ náà sórí aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, a ó ri aṣọ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní jẹ́ kí aró kan aṣọ rárá. Bí a bá wá ha ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ á funfun báláú, ìyókù á di búlúù tó jinlẹ̀. Bí ọmọdé bá bi Ìyá Àgbà pé báwo ni ẹ̀kọ ṣe ń ṣe é, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ aró ni." Àwòrán tirẹ̀, tí gbogbo oníbàárà fi mọ̀ ọ́n, ni ẹja odò: ẹja kéékèèké ní ìlà ìlà, orí èyí sí ìrù ìyẹn. Ojú ẹja ló ń fi sí i kẹ́yìn, ó sì ní ojú yẹn ni òun fi ń bọwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni lè bá a ya ara ẹja, ẹnikẹ́ni lè bá a ya ìrù, ṣùgbọ́n ojú, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ní kò sí ẹni tí yóò fi irin kan òun lójú láyé yìí. Ó ti fi ìyẹ́ sílẹ̀ fún Màámi, àmọ́ òun ló ṣì ń ro ẹ̀kọ, torí ìka ọwọ́ ló fi ń mọ̀ bí ó bá ki tó. Kò sì fi ojú ẹja sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Á ní kí a mú aṣọ wá, á ti ìka bọ ẹ̀kọ, á máa fi ojú sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìyà ńlá ni fún wa láti máa wò ó, nítorí ojú ẹja kan á bọ́ sí ikùn, òmíràn á bọ́ sí ìrù, òmíràn kò tilẹ̀ ní bá ẹja pàdé rárá. A ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá, ó mà dára o!" Bí ó bá ti dìde, Màámi á dọ́gbọ́n ha ojú wọ̀nyẹn kúrò, á tún wọn fi síbi tó yẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Àwa ọmọdé gan-an mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn, a kì í sọ ọ́ síta.

Bọ̀dá Múfú kò lè gba ọ̀rọ̀ ojú yìí mọ́ra. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tẹ nọ́ńbà ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí ó fi mú kí ẹja odò jáde lójú gíláàsì rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi àwòrán hàn, ní ìlà ìlà. Ó ní kí ìyá òun rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ní gbàǹgbà, nínú ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ojú náà tó ṣú pátápátá. Gíláàsì yẹn kò mọ àwọ̀ kankan ju àwọ̀ ewé lọ, ẹja wa sì dà bí ewédú. Síbẹ̀ ó fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ wọlé, ó gbé àga fún un, gbogbo wa rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ẹ wò ó." Ìyá Àgbà na ọrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Múfú! Ó mà dára o! Ọlọ́run á bù kún ọ." Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé wọ́n ti mú iná lọ nígbà tí ó ń jókòó. Gíláàsì dúdú kirikiri ló ń kí. Bọ̀dá wo gíláàsì, ó wò wá, ó fi ọwọ́ sọ fún wa pé kí á dákẹ́. "Ẹ ṣé, Màmá," ló sọ. Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti ń fi awò ojú wo nǹkan, mi ò sì tíì gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nígbà tó sọ "ẹ ṣé" yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá káàdì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ló bá a mú un wá, pẹ̀lú gíláàsì tuntun tó mọ àwọ̀. Nígbà tí ó dé, Bọ̀dá sáré wọ agbo ilé, ó ń pariwo, "Màmá, káàdì mi ti dé!" Ìyá Àgbà wà nídìí ìkòkò ẹ̀kọ, ó ń rò ó. Ọmọrogùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Káàdì? Nínú ilé tí bàbá yín ti ń kírun? Ìwọ Múfú, tẹ́tẹ́ lo fẹ́ máa ta lójú mi?"

"Kì í ṣe káàdì tẹ́tẹ́, Màmá. Èyí ló máa jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ àwọ̀."

"Kò mọ àwọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Àwọ̀ ewé nìkan ló mọ̀."

"Ó mà ṣe o," ni Ìyá Àgbà wí. "Gbé e wá kí n wò ó."

Àṣà ilé wa ni. Ohun tuntun kan kì í ṣiṣẹ́ nínú agbo ilé yẹn kí ó tó dé ọwọ́ Ìyá Àgbà. Bàtà ọdún wa, ìwé tuntun, ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi, gbogbo wọn ló kọ́kọ́ gbà, tó ṣe àdúrà sí, kí ó tó dá wọn padà. Bọ̀dá lósòó níwájú rẹ̀, ó fi káàdì náà lé e lọ́wọ́. Ó jọ pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to oríṣiríṣi hóró dúdú sí lára, etí rẹ̀ kan sì ní ìlà wúrà wẹ́wẹ́ tí ó tò bí eyín. Ìyá Àgbà nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, bí a ṣe ń nu ọwọ́ nígbà tí a ń kánjú. Nítorí ojú kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, ọwọ́ ló fi wò ó, ó sì wò ó fínnífínní, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń kánjú àdúrà. "Kí ni èyí tó rí jágajàga yìí?" "Eyín ẹ̀ ni, Màmá. Eyín wúrà." Inú rẹ̀ dùn sí eyín wúrà gidigidi. Ó ń fi àtàǹpàkò ra á lọ, ó ń ra á bọ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, ó ń wí pé, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Á jẹ́ kí ó gbà á bí ọmọ. Kò ní já ọ kulẹ̀." Gbogbo wa ń ké àmín. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀, ó gba káàdì rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ó tú ikùn ẹ̀rọ náà, ó yọ káàdì àtijọ́, ó ki tuntun bọ ihò tóóró rẹ̀, ó so gíláàsì tuntun mọ́ ọn, ó tan iná. Gíláàsì náà dúdú. Ẹ̀rọ náà sì ké, "Píììì! Pí, pí!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa gbọ́ ọ nìyẹn. Adìẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fò sókè. Bọ̀dá pa iná, ó tún un tàn, ó tún ké. Màámi béèrè láti ìta pé ta ló tẹ ọmọ ológbò mọ́lẹ̀. Bọ̀dá jáde, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ò rí káàdì náà ni."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀ nídìí ìkòkò rẹ̀. "Ìyẹn ni pé àwa méjèèjì la ò ríran." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù. Bọ̀dá Múfú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ohun tí ó ń ṣe kò yí padà. Ó yọ káàdì, ó tún un kì bọ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ti àpò tó kún jù. Ẹ̀rọ ké. Ó ní bóyá ihò ni kò dára, ó gbé e lọ sí ihò mìíràn. Ẹ̀rọ ké. Ó dá káàdì àtijọ́ padà, kíá ni àwọ̀ ewé tàn, tí ẹja ewédú sì jáde. Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn nígbà náà. Ó ka ìwé tí ó bá káàdì wá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ìwé sọ pé àwọn súwíìṣì kan wà nínú ikùn ẹ̀rọ tí a gbọ́dọ̀ yí, wọ́n kéré bí eyín ọmọ ọwọ́. Ó yí wọn. Ẹ̀rọ ké. Bàbá mi dá sí i lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà lórí ewé, ó ní ohun tó yé òun nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyálé kò gba ìyàwó. Láti ìgbà náà ni káàdì ti gba orúkọ, tó di Ìyàwó. Bí Bọ̀dá bá ti ibi iṣẹ́ dé, Màámi á ti òkèèrè kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀?" Àwa ọmọdé á dáhùn fún un pé, "Píììì! Pí, pí!" A ń sá bí a ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lé wa. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, tó ń wo Ìyá Àgbà láti ojú fèrèsé. Ìyá Àgbà ń wá ife omi rẹ̀, ife náà wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kí àwọ̀ tó dé, ojú á ti lọ.

Òjò ló bá wa tú àdììtú náà. Ọjọ́ Àìkú kan ni, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, Màámi kó iṣẹ́ yíyà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá náà gbé káàdì rẹ̀ jáde wá síbẹ̀ nítorí inú yàrá ṣókùnkùn. Ó jókòó ti Màámi, ó ń yí káàdì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Màámi ya ẹ̀kọ dé etí aṣọ, ẹ̀kọ ta sí i lọ́wọ́, ó sì gbẹ. Ó fi èékánná ha á, ìyẹ̀fun rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá wo ọwọ́ Màámi. Ó wo eyín wúrà káàdì rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi èékánná ha eyín kan, ìyẹ̀fun bíńtín bọ́ sílẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án.

"Láfún!" ló ké. "Ìyàwó Sàká, láfún ni!"

Màámi, ìyàwó Sàká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ bàbá mi, gba káàdì, òun náà wò ó. Ẹ̀rín mú un. "Ó ti jẹun yó láti ọjọ́ tó dé, ẹ wá ń retí pé kó ṣiṣẹ́." Bọ̀dá rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú rẹ̀. Kò sí ọmọ ilé aláró tí kò mọ ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ eyín wúrà wọ̀nyẹn, kò sì jẹ́ kí iná kọjá, bí kì í ti í jẹ́ kí aró kan aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà yára kú lẹ́nu wọn. Wọ́n wo inú yàrá Ìyá Àgbà, níbi tó ti ń sùn nítorí òjò. Àdúrà ló fi ọwọ́ yẹn ṣe. Ta ló máa sọ fún un? "Èmi kọ́," ni Màámi wí. "Èmi náà kọ́," ni Bọ̀dá wí. Wọ́n yíjú sí mi. Mo sọ pé, "Píììì! Pí, pí!"

Òwú tí a rẹ sínú sípírítì ni Bọ̀dá fi nu káàdì náà, ó wá ní kí n mú írésà ilé-ìwé mi wá, ó fi ra eyín náà jẹ́ẹ́jẹ́ títí wúrà rẹ̀ fi tàn. Írésà tuntun ni, kò dá a padà fún mi. Ó ki káàdì bọ ihò rẹ̀, ó tan iná. A dúró de igbe. Kò ké. Ó kàn dún "pí" kúkúrú bí ẹni ń tọrọ àforíjì, gíláàsì tuntun náà sì mọ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó tó tẹ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ tán tó sì tún wọn ṣe. Ẹja odò wá jáde, funfun báláú lórí búlúù, búlúù gan-an, irú èyí tí a ń rí bí aṣọ bá ti wọ aró dáadáa. Mo pariwo. Ó ní kí n rọra. Ó tún tẹ nǹkan díẹ̀, ojú ẹja kan tó wà ní igun òkè sì parẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ ti pa ojú ẹja kan rẹ́."

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí i, wọ́n á ní àwọn rí i. O ti gbàgbé tijọ́sí ni?"

Ó lọ fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ìdí ìkòkò ẹ̀kọ náà ló ti fà á, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó fọ ọwọ́. Bàbá mi wá, Màámi wá, ilé kún. Ìyá Àgbà jókòó, ó na ọrùn. Ó fa àga sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ búlúù náà sì bo gbogbo ojú rẹ̀. Bọ̀dá Múfú dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú, kò béèrè nǹkan kan.

"Aró yìí ò tíì gbó tó," ni Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. "Ẹ bá tún un rì lẹ́ẹ̀kan sí i." Màámi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnikẹ́ni lè sọ bẹ́ẹ̀ fún aró kankan. Ìyá Àgbà tún yí orí díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nà án sí igun òkè. "Ẹja tó wà níbí yìí, ojú rẹ̀ dà?"

Bọ̀dá Múfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀ bí ọmọdé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yí ojú sí ògiri. Ìyá Àgbà kò wò wọ́n. Ẹ̀kọ ṣì wà ní ìka rẹ̀, ó sì fi í kan gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan, tó, ó fi ojú sí ẹja náà. Kò bọ́ sí ikùn, kò bọ́ sí ìrù. Orí ẹja gan-an ló bọ́ sí.

"Eléyìí," ló wí, ó ń nu ọwọ́ sára ìró, "kí ẹnikẹ́ni má ha á kúrò lẹ́yìn mi o. Àwọn tí ẹ ti ń ha látẹ̀yìnwá ti tó. Láfún tí ẹ ha kúrò lára káàdì gan-an, mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Màámi wo Bọ̀dá. Bọ̀dá wo Màámi.

Ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, Ìyá Àgbà náà ti lọ, Bọ̀dá Múfú ti ní ọmọ ọmọ, tí ó ń sọ fún wọn pé òun ni ó kọ́kọ́ fi láfún bọ́ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Gíláàsì aláwọ̀ náà wà lọ́dọ̀ mi, ní orí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀. Kò tàn mọ́. Bí mo bá ń nu eruku ojú rẹ̀, tí mo bá dé igun òkè, mo máa ń rọra yí aṣọ gba ẹ̀gbẹ́ ojú ẹja náà kọjá.